Ọwọ́ Tó Gba Àpò Lọ́wọ́ Solange

Òkú Safiath wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lábẹ́ igi tíkì, wọ́n ti fi ìró bò ó. Ìró ẹlòmíràn ni. Obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ta aṣọ, aṣọ àyálò ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, nítorí olè ti kó gbogbo ẹrù tó rù.

Rẹ̀mí ṣí ìró náà. Òórùn tùràrí dìde lára aṣọ Safiath, kànáfùrù wà nínú rẹ̀. Orí òkú náà ti fọ́ lápá kan, níbi tí ìdí ìbọn ti bà á. Rẹ̀mí dá ìró padà, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tu itọ́.

Ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Rẹ̀mí, ọmọ ìlú Kpankou, wọ́n sì rán an wá láti Kétu. Òkú kì í bà á lẹ́rù mọ́. Ìríra ni tirẹ̀. Bí ìwà ìkà bá ti kọjá ààlà, inú rẹ̀ a rú, itọ́ a kún ẹnu rẹ̀, oúnjẹ a sì di ọ̀tá rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú. Ẹ̀pà sísun wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti mọ̀ pé òun kò ní jẹ ẹ́.

Obìnrin mẹ́ta jókòó sórí igi wíwó, àwọn ló ṣẹ́kù nínú mẹ́rin tó ń ti ọjà Okpomèta bọ̀ wá sí Idigny. Èyí tó dàgbà jù ni Reine tó ń ta gààrì. Ìyá Àgbà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ó dàgbà ju Safiath tó kú náà lọ. Solange tó ń ta iṣu kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Fabiola ló kéré jù, àgbàdo ni tirẹ̀.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀sán gangan ni. Ọkùnrin kan já láti inú oko tíkì, ó fi àpò ìrẹsì bo orí, ó dá ihò méjì sí i fún ojú, ó wọ ẹ̀wù òjò tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń fi ẹnu ìbọn júwe ni, ó tò wọ́n sí ẹsẹ̀ ọ̀nà, ó sì ń gba àpò owó lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kò sọ̀rọ̀ rárá, Ìyá?"

"Bí odi ni. Ọwọ́ òsì ló sì fi gba àpò lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Èmi tí mo lè bí ìyá tó bí i. Ìyẹn dùn mí ju àpò lọ."

Rẹ̀mí kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè bí Safiath ṣe kú.

Fabiola ní olè náà ti gba ti Ìyá Àgbà, ó ti gba ti òun, ó ti gba ti Solange, ó wá kan Safiath. Safiath kò sunkún. Ó wo olè náà lójú ihò, ó ní, "Ilé ire ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìwọ kọ́ ló yẹ kó máa ṣe èyí." Fabiola rò pé ẹ̀bẹ̀ ni, pé ó ń pọ́n olè lé kó lè ṣàánú wọn. Safiath kò tíì pa ẹnu dé tí olè fi yí ìbọn padà, tó sì fi ìdí rẹ̀ gbá a lórí. Ó gbé ẹrù aṣọ, ó wọ igbó lọ.

"Solange, ìwọ ńkọ́? Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Ọ̀gá. Mo di ojú. Àdúrà ni mò ń gbà."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Cyriaque fi dé. Òun ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọ̀nà, àwọn tí ìlú yàn láti ìgbà tí olè ti ń yọ àwọn ọlọ́jà lẹ́nu. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Solange náà, ó ní, "Ẹ kú ewu, Ìyá wa." Ìyá Àgbà sọ fún Rẹ̀mí pé Élodie, àbúrò Solange, ni Cyriaque fẹ́ fẹ́, ìdána wọn kò sì ní pẹ́ mọ́.

Cyriaque mi orí sí òkú náà títí. Ó ní òun ló ní kí àwọn obìnrin máa gba ọ̀nà oko tíkì, nítorí títì ti di ti àwọn olè. Òun ló kọ́ wọn pé kí wọ́n máa rìn pọ̀, kí wọ́n má ṣe gbé pọ́tábù, ìyẹn fóònù, sétí lójú ọ̀nà, kí wọ́n má wọ wúrà lọ sọ́jà, kí wọ́n má sì bá olè jà tí wọ́n bá pàdé rẹ̀. Rẹ̀mí bèèrè ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lọ́sàn-án náà. Cyriaque ní Latifou, ọlọ́kọ̀ sẹ́mijàn, ló ṣèlérí pé òun á gbé ọ̀kadà òun dúró de àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà ni òun ṣe kó àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ sí títì.

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà ìlú.

Wọ́n ti de Latifou lókùn. Wọ́n ti gbé táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Cyriaque ló rí àpò ìrẹsì tó ní ihò ojú méjì lábẹ́ àga ọ̀kadà rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún ìlú. Mansour, ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí fún ọkọ Safiath, ló ṣáájú wọn. Ìgò epo pẹntiróòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tò sórí tábìlì tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ojú àwọn tó tẹ̀lé e ń dán bí ojú ẹni tó ń lọ jẹ àsè. Rẹ̀mí mọ ojú yẹn. Ó kórìíra rẹ̀ ju ojú olè lọ.

Solange dìde. Gbogbo wọn rò pé yóò tu itọ́ sí Latifou lára. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá mi," ló wí. Ọmọ ilé ọkọ Solange ni Latifou, wọ́n sì ti bí i kí Solange tó wọ ilé náà. Àràárọ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ó kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ náà, bí wọ́n tilẹ̀ dè é lókùn.

Rẹ̀mí lọ dúró sí àárín Mansour àti táyà. Ó fa ìgò epo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sílẹ̀, iyanrìn mu ún. Bàbá Èṣùgbàyí, délẹ́gẹ̀ ìlú, ẹni tó ń ṣojú ìjọba níbẹ̀, bẹ ogúnlọ́gọ̀ náà títí ohùn rẹ̀ fi há, kí wọ́n tó jẹ́ kí ọlọ́pàá mú Latifou lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n búra lójú ẹ̀ pé bó bá tún fi ẹsẹ̀ tẹ Idigny, iná ni. Rẹ̀mí mọ̀ pé wọn ò ṣeré. Ó tún mọ̀ pé lójú adájọ́, àpò ìrẹsì yẹn tó láti sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n títí irun rẹ̀ yóò fi funfun. Bí òun kò bá rí ẹni tó ṣe é, Latifou ti kú tán, ó kù kí wọ́n yan irú ikú.

Ní komisaríà, àgọ́ ọlọ́pàá, Latifou kò lè jókòó dáadáa.

"Ṣé o ṣèlérí pé wàá dúró dè wọ́n?"

"Mo ṣèlérí, Ọ̀gá. Mo sì dúró. Cyriaque ló wá bá mi, ó ní kí n máa lọ, pé àwọn ẹ̀ṣọ́ òun ti ń sìn wọ́n bọ̀."

"Ta ló gbọ́?"

"Èmi àti òun nìkan ni."

"Àpò ìrẹsì yẹn ńkọ́?"

"Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ń gbé ọ̀kadà sí. Gbogbo ayé ló ń gba ibẹ̀ kọjá."

Nígbà tí Rẹ̀mí bi Cyriaque, ó ní irọ́ gbuu ni, òun kò rí Latifou sójú lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan kojú ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Ìlú sì ti mọ ti ẹni tí yóò gbà.

Rẹ̀mí kọjú sí Mansour. Ẹni tó gbé epo kíákíá bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń yára kí ẹlòmíràn má bàa sọ̀rọ̀. Gbogbo Idigny ló mọ̀ pé òun àti Safiath ń jà lórí ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Rẹ̀mí bi í níbi tó wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní mọ́sáláṣí. Lèmọ́mù ní òun ò rí i. Ó ní oko. Kò sí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàtà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tẹrí ba, ó sọ pé nídìí ọtí sódábì ni òun wà, ní ẹ̀yìn ilé opó kan, kí Rẹ̀mí jọ̀ọ́ má sọ fún Lèmọ́mù. Opó náà jẹ́rìí sí i, ó ní láti òwúrọ̀ ló ti wà níbẹ̀, orin ló sì ń kọ. Èyí tó lè sun ọmọnìkejì níná, ìtìjú ọtí ló ń bà á lẹ́rù. Rẹ̀mí sọ fún un pé kó dìde lọ, kí òun má bàa bì.

Wọ́n sin Safiath ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn àdúrà, Cyriaque bèèrè ààyè láti bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Ó dúró ní ìta ilé olóògbé, ó tún ka gbogbo ìkìlọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dá rìn. Kí gbogbo wọn máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo, kí wọ́n máa sọ fún òun kí wọ́n tó gbéra, kí òun lè mọ̀. Ó ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn obìnrin ń nu ojú, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Itọ́ kún ẹnu Rẹ̀mí. Kò tíì mọ ìdí rẹ̀. Ó yí ojú kúrò lára Cyriaque, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Mansour tó ń pín omi àlùwàlá. Búùtà wà lọ́wọ́ ọ̀tún Mansour. Àgbàlagbà kan na owó sàráà sí i. Mansour kò tilẹ̀ rò ó. Ó gbé búùtà sí ọwọ́ òsì, ó nu ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ẹ̀wù, ó tẹ̀ díẹ̀, ó gbà á.

Ọ̀mùtí. Ẹni tó gbé epo láti sun ènìyàn. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹ̀kọ́, ó ń ṣe é láìbi í.

Rẹ̀mí rántí ẹjọ́ Ìyá Àgbà nípa ọwọ́ òsì. Kò dúró jẹ sàráà. Ó kó àwọn obìnrin mẹ́ta náà padà sí oko tíkì.

Ó tò wọ́n bí olè ṣe tò wọ́n. Ó mú igi kan sí ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni mú ìbọn. Ó fi ọwọ́ òsì gba àpò Ìyá Àgbà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ òsì gba ti Fabiola. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ òsì sí Solange.

"Rárá," ni Fabiola wí. "Ti ẹ̀gbọ́n ò rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe rí?"

Fabiola gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé igi láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Ó tẹ orúnkún díẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó gba àpò lọ́wọ́ Solange. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, ó ju igi náà nù.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ ṣe, "Hẹ̀ẹ́n."

"Safiath rí i," ni Rẹ̀mí wí. "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló ń bẹ̀ ẹ́. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi pa á, kó má bàa pe orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi la ẹnu, nítorí gbogbo yín lẹ mọ ohùn rẹ̀."

Ó wá bi Ìyá Àgbà pé, ẹni tó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ arúgbó, ta ni Solange jẹ́ sí i tí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rù? Kì í ṣe Latifou. Solange ló ń kúnlẹ̀ fún Latifou, ìyàwó ni lójú rẹ̀, kò sí ohun tí yóò mú kó tẹ orúnkún fún un. Kì í ṣe Mansour, tí kò bá Solange tan níbi kankan. Ìyá Àgbà wo Solange, ó mi kanlẹ̀, ó ní àna kì í kéré. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ nílé, gbogbo ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti di ìyá rẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ló pọ̀n wọ́n ní kékeré. Yóò ti máa dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, yóò máa dọ̀bálẹ̀ lálẹ́, títí ara rẹ̀ yóò fi kọ́ ọ.

Solange ká ọwọ́ lé orí.

"Àpótí aṣọ ìdána ti dé ilé wa," ló wí. "Cyriaque gbé e wá lálẹ́ àná, kí ọjọ́ ìdána tó pé, kí àwọn ìyá wa lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá mi dúpẹ́ títí. Ó ní a rí àna tó mọ ènìyàn."

Rẹ̀mí mọ̀ pé ọwọ́ nìkan kò tó. Adájọ́ yóò ní ta ló rí ọwọ́, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àpótí ní ìdérí.

Wọ́n pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Clément, tó bí Solange àti Élodie. Bàbá Èṣùgbàyí wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá méjì mú Latifou wá, wọ́n fi í jókòó sí kọ̀rọ̀. Cyriaque dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Clément, ó dọ̀bálẹ̀ fún Solange. Solange kò wo ibẹ̀.

"Élodie, ṣí i," ni Rẹ̀mí wí.

Élodie ṣí àpótí. Ilé onígbàgbọ́ ni ilé náà, ọṣẹ àti òróró àgbọn ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Òórùn tùràrí jáde, kànáfùrù tẹ̀lé e, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Èṣùgbàyí gbé ọwọ́ lé imú bí ẹni pé òkú wọlé. Lẹ́yìn Safiath, kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Idigny tó ń lọ kànáfùrù mọ́ tùràrí láti fi fín aṣọ.

Ohùn Cyriaque kò yí padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ Ìyá Safiath ni òun ti rà wọ́n, kí Ọlọ́run forí jì í, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, díẹ̀díẹ̀. Ta ni yóò ta aṣọ fún òun ní Idigny bí kò ṣe Ìyá Safiath?

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Latifou sorí kọ́.

Ìyá Àgbà ti kúnlẹ̀ ti àpótí. Ó ń ṣí aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ tẹ etí wọn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dé orí èyí tó ní ẹyẹ àparò lára, aláwọ̀ ewé. Ó tú ìṣẹ́po rẹ̀. Fọ́nrán òwú pupa kan wà ní igun aṣọ náà, ó ní kókó méjì.

"Tèmi nìyí," ló wí.

"Báwo, Ìyá?" ni Rẹ̀mí bèèrè.

"Bí o bá yan aṣọ lọ́dọ̀ Safiath tí o ní kó gbé e pamọ́ fún ọ, òwú pupa ló máa ń so mọ́ ọn. Gbogbo obìnrin mọ̀ ọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjà yẹn ni mo yan èyí. Ìṣojú mi ló ti so ó. Kókó méjì, nítorí mo ní kó má tà á fún ẹnikẹ́ni." Ó wo Fabiola. Fabiola ní òun wà níbẹ̀, òun tilẹ̀ fi Ìyá Àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló fẹ́ fi aṣọ aláparò fa ojú rẹ̀ mọ́ra.

Ìyá Àgbà gbé aṣọ náà sókè. "Cyriaque, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wo lo ra aṣọ tí mo yàn lọ́jọ́ tí Safiath kú?"

Ọkùnrin ni Cyriaque, kò mọ òwú pupa. Ó ti sá aṣọ wọ̀nyẹn sí atẹ́gùn, ó ti fi ọwọ́ gbọ̀n wọ́n, kò sì mọ ohun tí gbogbo obìnrin mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sunkún. Ó ní ìlú fi òun ṣe ẹ̀ṣọ́, ọpẹ́ lásán ni wọ́n ń san. Ó ní òun ò fẹ́ gbé àpótí tí ó ṣófo wá sílé àna, kí wọ́n máa fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní òun ló darí wọn sí ọ̀nà tíkì, òun ló lé Latifou lọ, òun ló fi àpò ìrẹsì sábẹ́ àga ọ̀kadà rẹ̀. Ìbọn wà nínú kànga gbígbẹ lẹ́yìn oko. Ó ní òun ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni.

"Obìnrin yẹn ló wò mí," ló wí. "Ó wò mí, ó fẹ́ pe orúkọ mi."

"Ìkìlọ̀ tí o ṣe níbi ìsìnkú rẹ̀ ńkọ́?" ni Rẹ̀mí bi í.

"Ìkìlọ̀ náà dára," ni Cyriaque dáhùn. "Kò sí irọ́ nínú rẹ̀."

Bàbá Clément dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá Èṣùgbàyí ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Élodie ti àpótí náà padà, ó fi ẹsẹ̀ tì í jáde sí àgbàlá.

Wọ́n tú Latifou sílẹ̀. Ní ìta, àwọn tó gbé táyà kọ́ ọ lọ́rùn ń nawọ́ sí i, wọ́n ń pè é ní ọ̀rẹ́, wọ́n ní ìbínú ni. Mansour wà lára wọn. Latifou kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Solange kúnlẹ̀ kí i, Latifou fi ọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n jọ lọ sílé.

Wọ́n ti fi ìdè sí Cyriaque lọ́wọ́, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá nínú oòrùn. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ìyá Àgbà bu omi sí ife, ó gbé e wá. Àwọn kan ní kó dà á nù. Ó ní òun ò lè wo ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ìbáà ṣe ajá.

Ó na ife náà sí i.

Cyriaque tẹ orúnkún méjèèjì. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ró bí ìdè ṣe gbà á láyè, ó gba ife náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ló wí.

Rẹ̀mí wo ọwọ́ náà. Ó kó ẹ̀pà inú àpò rẹ̀ jáde, ó dà á sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ, ó lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì bì.